Ògiri Ẹ̀yìn Ojú: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Rí Ohun Tó Ń Fọ́ Ojú Létí Odò

 Ìtàn la fẹ́ sọ fún yín lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ìjàpá. Ìtàn ojú yín ni, àti ojú ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn. Ẹ fara balẹ̀ ka á, kí ẹ sì ka á sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò mọ̀wé kà.

Tí ojú ẹnì kan bá ń fọ́, iwájú ojú náà la kọ́kọ́ máa ń wò. A ó wò ó bóyá ó pọ́n, bóyá ó wú, bóyá nǹkan funfun bò ó. Bí a kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá di kàyéfì. "Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, síbẹ̀ kò ríran!" Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Àwọn kan á ní odò ló bínú. Àwọn kan á ní orogún ló wà nídìí ẹ̀, tàbí ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti jẹ ìyà ẹ̀sùn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí ibi tí àìsàn náà fara pamọ́ sí. Ẹ̀yìn ojú ló wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú wé yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé kan ṣoṣo. Iwájú ojú ni fèrèsé yẹn, dígí kan sì wà níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Inú yàrá náà kún fún omi tó ki bí funfun ẹyin adìyẹ. Lára ògiri ẹ̀yìn, awọ kan wà tó fẹ́lẹ́ gan-an, ó fẹ́lẹ́ ju ewé tí ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín lọ. Awọ yìí ni àwọn dókítà ń pè ní retina. Àwa á máa pè é ní awọ ìríran. Òun ló ń gba àwòrán ohun gbogbo tí ẹ ń wò, tó ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípasẹ̀ iṣan kan tó dà bí okùn.

Bí fèrèsé bá dọ̀tí, a lè pààrọ̀ dígí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awọ ara ògiri bá kú, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta òmíràn. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí dá lé.

Ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ wọ inú yàrá

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí ògiri náà lára ẹni tó wà láàyè. Ọmọlójú, ìyẹn ibi dúdú róbótó tó wà láàárín ojú, kò ju dúdú lọ lójú gbogbo èèyàn. Ní ọdún 1851 ni ọmọ Jámánì kan, Hermann von Helmholtz, kéde irinṣẹ́ kékeré kan fún ayé. Ó fi dígí darí ìmọ́lẹ̀ sínú ọmọlójú, ó sì ṣe é lọ́nà tí dókítà á fi lè gba ojú ibi kan náà wo inú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èèyàn rí awọ ìríran àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ní "Ojú mi mọ́, àmọ́ mi ò ríran" kò di ẹni àràmàǹdà mọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n lè wo inú, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó dé etí odò tiwa.

Láàárín odò méjì

Ẹ mọ bí ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe rí. Odò Ouémé wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, odò Ọ̀pàrà wà ní ìlà-oòrùn, níbi tí a ti bá Nàìjíríà pààlà. Omi odò ló ń fún wa ní ẹja, òun la fi ń fọṣọ, etí rẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń dára fún iṣu àti àgbàdo. Ṣùgbọ́n níbi tí omi bá ti ń sáré, tó ń ho lórí àpáta, eṣinṣin dúdú kékeré kan máa ń yé ẹyin sí. Ọ̀sán ló ń jẹ èèyàn. Kì í ṣe ẹ̀fọn o. Ẹ̀fọn fẹ́ omi tó dúró, eṣinṣin yìí fẹ́ omi tó ń ṣàn.

Bí ó bá jẹ ẹni tó ní àrùn náà, tó tún wá jẹ ẹlòmíràn, á gbé ọmọ aràn tín-ín-rín sí onítọ̀hún lára. Aràn náà á dàgbà lábẹ́ awọ ara, á di kókó tí ọwọ́ lè tẹ̀, ní ìbàdí tàbí ní orí. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, á máa bí ọmọ lọ́pọ̀ yanturu, ọmọ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ọmọ aràn yìí ló ń rìn kiri inú awọ. Àwọn ló ń fa ara yíyún tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn lóru, tí awọ ara fi ń bó, tó ń di àwọ̀ méjì bí ara àmọ̀tẹ́kùn. Nígbà tí wọ́n bá dé ojú, tí wọ́n kú síbẹ̀, ojú á bínú, á wú nínú, á sì dá àpá. Àpá yìí lè wà lára fèrèsé iwájú. Ó tún lè wà lára awọ ìríran lẹ́yìn, àti lára okùn tó so ojú mọ́ ọpọlọ.

Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í fọ́jú lọ́jọ́ kan. Alẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣòro fún un láti ríran. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì á máa pòórá, á wá dà bí ẹni tó ń wo ayé láti inú ọ̀pá. Á máa kọlu àga, á máa kọlu èèyàn lọ́jà, wọ́n á ní kò mọ ọmọlúwàbí. Níkẹyìn, ihò kékeré tó kù yẹn náà á dí.

Àwọn tó wo ẹ̀yìn

Ní ọdún 1915, ní orílẹ̀-èdè Guatemala lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Rodolfo Robles rí i pé kókó abẹ́ awọ àti àìsàn ojú bára tan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, dókítà ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Jean Hissette, dé àwọn abúlé etí odò ní Kóńgò. Ó bá àwọn afọ́jú níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó wo ẹ̀yìn ojú wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé aràn yìí ló fà á. Àwọn dókítà kan nílẹ̀ Yúróòpù kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ogun àgbáyé kejì dé. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Harold Ridley, tó jẹ́ dókítà ojú, ni ìjọba wọn rán wá sí Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Ó lọ sí Funsi, ìlú kan ní òkè Gánà, ó yẹ ojú àwọn ará ibẹ̀ wò, ó sì ṣàpèjúwe bí awọ ìríran wọn ṣe ṣá, tó dá àpá, tí iṣan rẹ̀ sì rù. Ní ọdún 1945 ló tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Títí di òní, orúkọ Hissette àti Ridley ni àwọn dókítà fi ń pe àpá yẹn.

Ẹ kíyè sí ohun tí wíwò yẹn yí padà. Odò kò bínú. Orogún kò ṣe nǹkan kan. Eṣinṣin ni, aràn ni, ó sì ṣeé bá jà. Ṣùgbọ́n Ridley fúnra rẹ̀, bó ti mọ iṣẹ́ abẹ ojú tó, kò rí ọ̀bẹ tó lè tún awọ tó ti kú ṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù: kí àrùn náà má dé ẹ̀yìn ojú rárá.

Hẹlikọ́pítà àti oògùn oníhóró

Àwọn abúlé kan ní àfonífojì odò Volta ti di ahoro nítorí àìsàn yìí. Ilẹ̀ ọlọ́ràá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ro ó. Ní ọdún 1972, Robert McNamara tó jẹ́ olórí Báǹkì Àgbáyé wá sí Upper Volta, tí a ń pè ní Burkina Faso báyìí. Ó rí àwọn ọmọdé tí wọ́n di orí ọ̀pá kan mú, tí àgbàlagbà afọ́jú di ìdí ọ̀pá náà mú lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ro ọmọ yẹn wò. Ojú tiẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò lọ síléèwé, kò lọ sóko. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ ojú fún bàbá rẹ̀. Bó bá dàgbà létí odò yẹn, ọmọ tirẹ̀ náà á wá di ọ̀pá mú fún un.

Ní ọdún 1974, orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Benin wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan pẹ̀lú Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé àti Báǹkì Àgbáyé. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n ń fi da oògùn sínú odò ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, síbi tí omi ti ń sáré, kí ọmọ eṣinṣin má bàa dàgbà. Òkè Benin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nà án wá sí ìhà gúúsù, dé agbègbè odò Ouémé. Àwọn àgbà kan á ṣì rántí ìró ẹ̀rọ náà lókè odò. Kì í ṣe ogun ló gbé e wá.

Wọ́n ṣe é fún ọdún púpọ̀, nítorí pé wọ́n ní láti dúró títí àwọn aràn àgbà inú ara èèyàn á fi gbó kú. Oògùn tó ń pa ọmọ aràn láìpa èèyàn ni kò tíì sí. Ibi tí oògùn yẹn ti wá yani lẹ́nu: inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Japan ni. Satoshi Ōmura ló bu iyẹ̀pẹ̀ náà, William Campbell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà sì rí oògùn yọ láti ara kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í tọ́jú. Ní ọdún 1981, ní Dakar ní Senegal, Mohammed Aziz àti àwọn dókítà ibẹ̀ kọ́kọ́ fún èèyàn lò. Ó ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1987, Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn á máa fi oògùn náà, Mectizan, sílẹ̀ fún ìfọ́jú etí odò, iye tí wọ́n bá fẹ́, títí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ dé. Ní ọdún 2015, Ōmura àti Campbell gba ẹ̀bùn Nobel.

Iṣẹ́ hẹlikọ́pítà parí ní ọdún 2002. Nígbà náà, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣírò pé ó gba nǹkan bí 600,000 èèyàn lọ́wọ́ ìfọ́jú, ó sì dá ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 25 hẹ́kítà padà fún àwọn àgbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àwọn ará Niger, aládùúgbò wa, ti lé àrùn yìí lọ pátápátá. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é ní Áfíríkà. Bí Niger bá lè ṣe é, àwa náà lè ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń pín oògùn bá dé abúlé yín pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń wọn gíga èèyàn, ẹ má ṣe sá. Ó ń wọn yín kó lè mọ iye hóró tó tọ́ sí yín ni. Ọmọ aràn ni oògùn náà ń pa, kò pa ìyá aràn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti máa lò ó ní ọdọọdún. Ẹ má sọ pé "Mo ti lo ti èṣí." Aboyún kì í lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, àti ọmọdé tí kò tíì ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn yòókù, ẹ gbà á.

Fèrèsé ṣeé pààrọ̀

Ridley yìí kan náà padà sí London. Lójú ogun, ó ti rí àwọn awakọ̀ òfuurufú tí èérún ike fèrèsé ọkọ̀ wọn fọ́n sí lójú, ó sì rí i pé ojú kò bá irú ike yẹn jà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas, ó fi dígí kékeré tí wọ́n fi irú ike náà ṣe sínú ojú obìnrin kan tí dígí ojú tirẹ̀ ti di funfun. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bú u fún ọdún púpọ̀. Lónìí, iṣẹ́ abẹ yẹn ló ń la ojú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, ní Benin níbí náà. Bí ìyá yín àgbà bá ní nǹkan funfun nínú ọmọlójú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fèrèsé lásán ló bàjẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ń rìn ká ìlú, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan funfun inú ojú, fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni nínú ilé yín. Iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọn kì í yọ dígí tó bàjẹ́ náà kúrò. Ẹ̀yìn, sínú omi ojú, ni wọ́n ń tì í sí. Aláìsàn á ríran díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, á dúpẹ́, á sanwó, oníṣẹ́ á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ojú náà lè wú, ó lè kẹ̀, awọ ìríran lè ṣí kúrò lára ògiri. Ẹni tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ fèrèsé fún ti wá pàdánù ògiri.

Bí wọ́n ṣe kọ́ láti lẹ ògiri mọ́ra

Awọ ìríran tó ṣí kúrò lára ògiri, ọ̀nà wo la fi lè lẹ̀ ẹ́ padà? Títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìdáhùn ni pé kò sí ọ̀nà. Wọ́n á ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ láìmira fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, síbẹ̀ á fọ́jú. Jules Gonin, dókítà kan ní Lausanne ní Switzerland, ló rí àṣírí náà. Ó ní ihò kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ lu sára awọ. Omi inú ojú á gba ihò náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, á máa gbé e kúrò lára ògiri, bí òjò ṣe ń wọ abẹ́ ẹ̀rẹ́ ilé tó ti sán. Dí ihò náà, awọ á lẹ̀ padà. Ó wá ihò náà kàn, ó sì fi irin gbígbóná jó etí rẹ̀ kó lè lẹ̀. Wọ́n ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá, kó tó di pé àwọn dókítà ojú tó pàdé ní Amsterdam ní 1929 gbà pé òótọ́ ló sọ.

Gonin tún rí nǹkan kejì. Àwọn tó tètè dé ló ń ríran. Awọ tó ti pẹ́ kúrò lára ògiri kì í jẹun dáadáa mọ́, á kú síbẹ̀. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ padà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ kàn lẹ òkú awọ ni.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn ti ọ̀run wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà ní 29 oṣù kẹta ọdún 2006 á rántí ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní Benin níbí, tí ọ̀sán di òru, tí wọ́n ní ká má wò ó ní ojú lásán. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1945. Dókítà kan, Gerd Meyer-Schwickerath, rí ẹni tó wò ó láìbojú: oòrùn ti jó awọ ìríran rẹ̀, ó sì dá àpá kékeré síbẹ̀. Dókítà náà wá rò ó pé, bí ìmọ́lẹ̀ bá lè jó awọ láìla ojú, ṣé a ò lè fi í dí ihò? Ó ṣe é, ó sì ṣeé ṣe. Nígbà tí ìtànṣán lésà dé ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ náà wá rọrùn sí i. Ní ọdún 1970, ní Miami ní Amẹ́ríkà, Robert Machemer fi irinṣẹ́ tín-ín-rín kan gé omi kíki inú ojú tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sí, ó sì fà á jáde, kó lè dé ibi tí awọ ìríran wà. Títí di òní, irú iṣẹ́ abẹ yìí ni wọ́n ń ṣe fún awọ tó ṣí àti ojú tí ẹ̀jẹ̀ kún.

Ewu tó wà lọ́jà lónìí

Ẹ lè ní, "Èmi kò gbé etí odò, kí ló kàn mí?" Ó kàn yín o. Awọ ìríran ń mu ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, iṣan rẹ̀ sì kéré. Ohunkóhun tó bá ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀yìn ojú á jẹ nínú rẹ̀. Àìsàn àtọ̀gbẹ, tí àwọn èèyàn ń pè ní àìsàn ṣúgà, ló ń ṣe é jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ̀yin ń pè ní tansiọ́n, ń ṣe é. Ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SC wà nínú ewu náà, kódà bí ara rẹ̀ bá dà bí ẹni tó le. Ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, tó ń lo gíláàsì tó nípọn, àti ẹni tí bọ́ọ̀lù tàbí ẹgba bà lójú, awọ tiwọn lè tètè lu.

Ìyálọ́jà tó jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tó ń mu omi dídùn inú ìgò ní ọ̀sán, tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń tọ̀ lóru ní gbogbo ìgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò. Ṣúgà máa ń ba awọ ìríran jẹ́ fún ọdún púpọ̀ láìdun èèyàn, ojú á sì ṣì máa ríran. Ọjọ́ tí iṣan bá bẹ́ ni ẹ máa mọ̀. Ní ọdún 1976, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá tètè fi lésà tọ́jú irú ojú bẹ́ẹ̀, ewu ìfọ́jú ń dín ju ìdajì lọ. Tètè ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀yìn ojú òun lọ́dọọdún, kódà bó bá ń ríran kedere. Bó bá lóyún, kó tètè lọ, nítorí oyún lè mú un burú sí i. Aboyún tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń rí bí ẹni pé iná ń kọ mànà, kó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ríru oyún lè jẹ́ ìdí rẹ̀, ó sì lè pa ìyá pa ọmọ.

Nǹkan funfun lójú ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ìyá ọmọ, òun ló wúwo jù. Jẹjẹrẹ kan wà tó ń hù lára awọ ìríran ọmọ kékeré, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀ẹ̀kan náà, nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà tàbí nínú fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà, ọmọlójú kan á máa tàn funfun bí ojú ológbò lóru. Tàbí ojú ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ọmọ á máa ṣeré, kò ní sunkún, kò sì ní sí ìrora kankan.

Ní ọdún 1809, James Wardrop, oníṣẹ́ abẹ kan ní Scotland, kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yẹ kí wọ́n tètè yọ ojú tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó tó tàn dé ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ náà le, ìgbà yẹn kò sì tíì sí oògùn ìmúnisùn fún iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Lónìí, bí wọ́n bá tètè mú ọmọ wá, oògùn wà, lésà wà, wọ́n sì lè gba ojú náà là nígbà mìíràn. Bí ó bá ti pọ̀ díẹ̀, wọ́n á yọ ojú kan, ọmọ á sì yè, á fi ojú kejì kàwé, á ṣòwò, á bímọ. Bí ìyá bá sá nítorí ọ̀rọ̀ "yíyọ ojú", tó lọ ń da àgbo sí i, ojú á wú síta, ọmọ á sì kú. Ìyá mi, bí dókítà bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín, ẹ sunkún bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ padà sílé.

Ẹ má dúró

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn ojú rí. Kì í dunni, nítorí náà ẹ ò gbọdọ̀ dúró de ìrora. Àmì tó yẹ kó gbé yín dìde nìyí:

Bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì bí mànàmáná, tí kò sì sí òjò. Bí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké bá ṣàdédé ń fò níwájú ojú yín bí kòkòrò. Bí nǹkan bá ń bò ojú láti ẹ̀gbẹ́ kan bí aṣọ tí wọ́n ń ta. Bí ọ̀nà tó tọ́ bá ń wọ́ lójú yín. Bí ojú bá ń ṣòro láti ríran ní alẹ́. Bí ojú kan bá ṣàdédé ṣú.

Ẹ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo nǹkan, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn. Ẹ ṣe é lósọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú kan tó ń ríran dáadáa lè bo àṣírí èkejì fún oṣù púpọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì yìí, ẹ má ra oògùn ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ẹ má fi omi ewé tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ wọ zemijan, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn wa tó wà fún Savè àti Ouèssè, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé tó máa rán yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kòtònú ní ẹ̀ka ojú. Ọ̀nà náà jìn, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, a mọ̀. Ẹgbẹ́ ọjà tó ń dá èsúsú, ẹ ronú lórí rẹ̀ kí ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrìn àjò irú èyí, kó má bàa jẹ́ pé ọjọ́ tí ojú ẹnì kan ń ṣí kúrò lára ògiri ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó ọkọ̀.

Bàbá tó di ìdí ọ̀pá mú létí odò kò rí ẹni wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ nígbà tó ṣeé ṣe. Tiyín ṣeé wò lónìí. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ojú wa rí ọmọ ọmọ wa.